Ajá Pápá Kì í Ṣe Ajá

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má sì sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ò bá mi dé ibẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó ti lo ọdún kan àtààbọ̀ nílùú tí ẹnikẹ́ni ò ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí, àfi ẹni tó ṣi ilé mú, tó gbé písà ẹlòmíì wá.

Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni mo wà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí koríko lọ salalu títí dé ibi tí ojú mọ. Kò sí òkun, kò sí ọ̀sà, kò sí igi tó tó fẹ̀yìn tì. Èmi tó jẹ́ pé etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, ní Ìjẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá Ìkòròdú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, ìdílé ọdẹ sì ni wọ́n níbẹ̀. Ilẹ̀ oko ló wá dé Ìjẹ̀dẹ̀, tó fi jókòó, tó ń dáko, tó ń dọdẹ, tó sì fi tọ́ wa.

Èmi gan-an ò gbé iṣẹ́ ọdẹ lérí. Mo lọ ilé ìwé, mo ríṣẹ́ ọ́fíìsì ní Erékùṣù Èkó, mo rẹ́ǹtì fúláàtì kan ní ẹ̀sítéètì l'Íkòròdú, mo sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpàkòdó láràárọ̀. Nínú ọkọ̀ yẹn, ẹni tí o ò mọ̀ rí á bá ọ dá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ. Bí o bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá kan á ti ní kó o wá ewé efinrin, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, orógbó ni. Ó máa ń sú mi nígbà náà. Màá ki nǹkan bọ etí bí ẹni ń gbọ́ orin kí wọ́n lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fẹ́ láyé mi. Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níhìn-ín, fọ́mánì wa bi mí pé, "Ṣé dáadáa lo wà?" Mo dúró kí n dá a lóhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo ní mo dúpẹ́, pé orí ń fọ́ mi díẹ̀, pé òtútù yìí ti fẹ́ wọ eegun mi, pé àwọn ará ilé... Kí n tó dé orí àwọn ará ilé, ọ̀gbẹ́ni náà ti dé ẹnu ọ̀nà kejì. Kò bú mi o, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ìkíni tiwọn ò ní ìdáhùn ni. Mo dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, mi ò rẹ́ni tí màá sọ ọ́ fún.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa màlúù ni wọ́n gbà mí sí. Èmi tí mò ń so táì mọ́rùn l'Ékòó, ọ̀bẹ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa ya ẹran kúrò lára eegun láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Inú bí mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ kì í sì í ṣe àlejò lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ orúkọ mi í kọ ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá oríkèé ẹran láìfagbára ṣe é. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó yára tó mi lórí ìlà tí a tò sí, tí ẹran ń gba iwájú wa kọjá. Fọ́mánì kó àwọn tuntun wá pé kí wọ́n wá wo ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn mo ra odindi adìyẹ kan, mo dá a sè, mo dá a jẹ, mo sì kí ara mi kú oríire, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá mi kí i.

Ọ̀bẹ yẹn náà ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ń dúró lápá ọ̀tún mi ń jẹ́ Wéènì, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tó sanra. Lápá òsì ni Kódì wà, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé lọ́dún kan tí a jọ dúró bẹ́ẹ̀, a ò sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ síra wa. Lọ́jọ́ kan, Wéènì bi mí pé, "Níbo lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ báyìí?"

"Ọmọ ọdẹ ni mí," mo wí.

Ojú rẹ̀ là. "Ṣé o lè yìnbọn?"

"Inú ilé ìbọn ni mo dàgbà sí."

Ìgbà yẹn ló wá sọ fún mi pé bí òtútù bá ti lọ tán, òun àti Kódì máa ń lọ sí pápá fún ọjọ́ méjì láti lọ yìnbọn fún ẹran kan. Pírérì dọ́ọ̀gì lórúkọ tó pè é. Ó ní ọdọọdún ni ìnáwó rẹ̀ ń pa àwọn láyò, pé tọdún yìí, àwọn fẹ́ ẹ ní pọ́ọ́kú. "Ìwọ lo máa ń gbé oúnjẹ wá láti ilé, o ò ra nǹkan kan ní kántíìnì rí," ló wí. "Bá wa lọ, kó o sì bá wa ṣètò ẹ̀, kó má wọ̀ wá lọ́rùn."

Mo gbà á bí oríyìn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́ni bá rìn kì í wo ẹsẹ̀ ẹni tó ní kó ká lọ.

Mo wọ inú ètò náà bí ẹni ń múra ìgbéyàwó. Mo wá pápá ìjọba kan tí a lè lọ láìsanwó fún onílẹ̀. Mo ní ká má sùn hòtẹ́ẹ̀lì, ká pàgọ́. Mo ní ọkọ̀ Wéènì nìkan ti tó, pé ìbọn méjì ti tó ẹni mẹ́ta, ká máa gbà á lọ́wọ́ ara wa, ká sì ra ọta kékeré tí kò wọ́n. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó tì í, màá tún un kọ. Wéènì bẹ̀rẹ̀ sí í sún fún mi nídìí tábìlì wọn, mo sì ń gbé abọ́ ìrẹsì mi lọ síbẹ̀. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ti tó lójú mi.

Ní Sátidé, mo pe bàbá mi. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn n'Íjẹ̀dẹ̀. Kí n sọ òótọ́, bàbá mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ó ní ẹran tí kò lè sá, ìgboyà wo ló wà nínú pípa á. Tí mo bá pè é, á bi mí nípa òtútù, á ṣàdúrà, ó tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ní, "Bàámi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti pè mí lọ sígbẹ́ ọdẹ."

"O lọ́rẹ̀ẹ́?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìgbẹ́ ọdẹ? A dúpẹ́ o. Ẹran wo lẹ fẹ́ pa?"

Àṣìṣe mi nìyí. Mi ò tíì rí ẹran náà rí, kódà nínú fọ́tò. Orúkọ rẹ̀ ni mo gbọ́, mo sì rò pé irú ajáko kan ni. Mo kàn túmọ̀ orúkọ náà bó ṣe wà.

"Ajá ni, Bàámi. Ajá pápá."

"Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àbí ẹlòmíì ló gbé fóònù rẹ? Ajá tó gbó títí àwọn èèyàn fi wá gbé mi lọ́jọ́ tí paramọ́lẹ̀ bù mí jẹ nígbó Ẹ̀pẹ́, tá a sin bí èèyàn, tí ọdẹ kankan ò wọgbó fún ọjọ́ méje torí ẹ̀, irú ẹ̀ lo fẹ́ lọ yìnbọn fún?"

"Bàámi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

Ó ti pa fóònù.

Ní Mọ́ńdè, mo ní kí Wéènì fi fọ́tò ẹran náà hàn mí. Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín. Ajá wo? Ẹran búńtúbúńtú, aláwọ̀ ilẹ̀, ehín iwájú méjì gbọọrọ, ó nàró lẹ́nu ihò bí ẹni ń retí àlejò. Òkété ni. Ìrù rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ ki ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ìbátan òkété ni. Kí n tó jáde níbi iṣẹ́ ni mo ti pe Ìjẹ̀dẹ̀ padà.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Òkété ni òyìnbó ń pè lájá? Kí ni wọ́n wá ń pe ajá?" Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún Bàbá Múfú, tí wọ́n jọ ń dọdẹ láti kékeré, tí wọ́n sì jọ máa ń jókòó níwájú ilé. Bàbá Múfú náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín tiẹ̀. Lẹ́yìn náà bàbá mi padà sórí fóònù, ó ní, "Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò ti fojú kan òkété. Àwọn ẹlẹ́sítéètì ti ra gbogbo igbó yìí tán. Tó o bá ti pa á, wi irun rẹ̀ dáadáa, la inú rẹ̀ kíá, fi iyọ̀ pa á lára, kó o yan án gbẹ. Jẹ tèmi mọ́ tìẹ. O mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu."

Láti ìgbà yẹn, òun ló ń pè mí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó? Irú ìbọn wo ni? Ṣé ẹ ti mọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà fẹ́? Kò bi mí léèrè òtútù mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, bàbá mi rí ọmọ rẹ̀ padà, èmi náà sì rí ẹni tí mo lè sọ̀rọ̀ títí fún. Mo lọ ra iyọ̀, mo ra ata gbígbẹ, mo ra èédú àti wáyà tí wọ́n fi ń yan ẹran.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ka ètò náà sí wọn létí ní kántíìnì. Mo ní, "Ẹran: a ò ní ra rárá. Èyí tá a bá pa la máa jẹ. Ìyẹn ló máa jẹ́ kó rọ̀ wá lọ́rùn jù."

Wéènì wo Kódì. Kódì wo Wéènì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú sẹ́rìn-ín, débi tí àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì fi yíjú wò wá.

"Jẹ kí ni?" Kódì wí. "A kì í jẹ ẹ́. Èkúté ni. Eégbọn rẹ̀ máa ń kó àrùn ranni."

"Ó dáa," mo wí. "Kí lẹ wá ń fi ẹran náà ṣe?"

"Kò sí. A máa ń fi sílẹ̀ níbi tó bá ṣubú sí ni. Ẹyẹ á jẹ ẹ́."

"Kí lẹ wá ń pa á fún?"

"Ó dùn ún pa ni," Wéènì wí, kò sì sí ibi kankan lójú rẹ̀. Kódì ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kò sóhun tí ẹ kì í jẹ o."

Ẹ jẹ́ n sinmi níbí kí n tó bú èèyàn. Mo gbọ́ àwíjàre wọn. Wọ́n ní ẹran náà ń jẹ koríko màlúù, pé màlúù ń ki ẹsẹ̀ bọ ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ ń kán. Mo gbà. Bàbá mi náà ń pa òkété tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán lóko. Àmọ́ mi ò rí i kó gbé àga lọ sóko, kó gbé bíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kó máa pa ohun tí kò fẹ́ jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, kó wá dìde, kó gbọn ìdí nù, kó máa lọ ilé. Àwọn tó ń pa ẹran sọnù ló wá ń sọ pé èmi ni mò ń jẹ ìjẹkújẹ. Ta ni ìwà ẹ̀ burú nínú wa?

Mi ò sọ ọ́ síta. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Ojú mi ń wo àyè tí Wéènì fi sílẹ̀ fún mi nídìí tábìlì. Bí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ó di kí n gbé abọ́ mi padà sídìí ògiri tí mo ti ń dá jẹun tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín bá wọn. Mo fa ìlà pa èédú àti wáyà nínú ìwé mi, mo sì kọ sọ́séèjì sí i. Nígbà tí bàbá mi pè ní Sátidé, mo sọ fún un pé gbogbo nǹkan ti pé.

Ojúmọ́ mọ́ kedere lọ́jọ́ tá a dé pápá yẹn. Ihò kún ilẹ̀, ẹran kọ̀ọ̀kan nàró lẹ́nu tiẹ̀. Bí ọ̀kan bá ké, gbogbo wọn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún yọjú, wọ́n á máa fi imú kan ara wọn. Ìlú ni wọ́n dá síbẹ̀, kí n má tàn yín. Wọ́n ń kíra wọn ju àwa tá a wà lórí ìlà màlúù lọ.

Wéènì kọ́kọ́ yìn. Ẹran náà ta sókè, ó já bọ́. Wọ́n pariwo. Kódì yìn, wọ́n tún pariwo. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wo ẹran tó ń ṣòfò káàkiri koríko, mo rántí bàbá mi tó fi ọdún kan wá ẹyọ kan kò rí.

"Ọmọ ọdẹ, ó kàn ẹ́," Wéènì wí, ó gbé ìbọn fún mi.

Mo gbà á. Mo mú èyí tó jìnnà jù lọ, mo yìnbọn, ó bà á. Àwọn méjèèjì fò mọ́ mi. Wéènì gbá mi mọ́ra títí ẹsẹ̀ mi fi kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dì mọ́ mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú l'Ékòó, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹran náà ò kú. Ó ń fi ọwọ́ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ sẹ́nu ihò. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a. Wéènì pè mí pé kí n fi sílẹ̀, á kú fúnra rẹ̀. Nílé wa, ẹran tó o bá ta, tìẹ ni títí ẹ̀mí fi máa bọ́ lára rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, mo parí iṣẹ́ náà, mo yí i padà. Abo ni. Gbogbo ọmú rẹ̀ ló kún, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́.

Mo padà, mo sọ fún wọn. Mo ní àwọn ọmọ wà nínú ihò tó ń retí rẹ̀.

Kódì gbé bíà rẹ̀ sókè. "Àwọn yẹn náà á kú nìyẹn. Ọta kan, odindi ìdílé. Mo sọ fún yín pé ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ní pọ́ọ́kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò lẹ́nu mi pátá. Yorùbá ni mo fi dá wọn lóhùn, mo sì bú wọn dé ìdí. Mo ní ojú wọn ni kò yó, pé ẹni tó ń fi ikú ọlọ́mọ ṣẹ̀fẹ̀ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ òbí. Mo bú ara mi mọ́ wọn, torí ọwọ́ tèmi ló yìnbọn. Nígbà tí mo ṣe tán, Wéènì rọra bi mí bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀, mi ò sì jáde bá wọn mọ́, àfi ìgbà tá a fẹ́ sùn.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n kí mi, wọ́n sì kọjá. Àyè ò sí nídìí tábìlì mọ́. Báàgì Kódì ló wà níbẹ̀. Mo gbé abọ́ mi lọ sídìí ògiri.

Ní Sátidé, bàbá mi pè. Kò jẹ́ kí n kí i tán. "Bàbá Múfú ti wà níbí láti àárọ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe pín in. Ó ya, rò ó fún wa."

"Bàámi, a ò jẹ ẹ́. Wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n kàn ń pa á ṣeré ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo pa ẹyọ kan. Abo ni. Ó ń tọ́mọ lọ́wọ́."

Mo gbọ́ Bàbá Múfú lẹ́yìn tó ń bèèrè pé kí ni mo sọ. Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "O mọ̀ pé wọn ò ní jẹ ẹ́ kó o tó yìnbọn?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló wá dé tó o yìn ín?"

"Kí wọ́n má bàa fi èmi nìkan sílẹ̀ ni, Bàámi."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi ò purọ́ ẹran rí. Èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á ní ó bọ́. Èyí tó ta tí kò bà, á ní kò bà, níwájú gbogbo ọdẹ. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, tó gbé fóònù kúrò létí.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa," ló wí fún Bàbá Múfú. "Ṣùgbọ́n ó ní òun pa ọ̀kan, akọ ńlá. Ó ní ó dùn gan-an."

Bàbá Múfú pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete.